Sísáré jẹ́jẹ́ lọ́nà tó yí po nínú igbó tíìkì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé Ìgbómìnà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni ọdún 48 ni mí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní ìlú kan ní Ìgbómìnà tí kò jìnnà púpọ̀ sí Òmù-Àrán. Láti ọdún tó kọjá ni dókítà ti sọ fún mi pé ìfúnpá mi ń gòkè. Ó kọ oògùn fún mi, ṣùgbọ́n ó tẹnu mọ́ ọn pé oògùn nìkan kò ní tó bí n kò bá dìde kúrò lórí àga. Mo gbìyànjú láti máa sáré lójú títì, àmọ́ àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti ọ̀nà Ìlọrin bọ̀ kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, èéfín wọn sì ń dí mi léèémí.

Igbó tíìkì kan wà lẹ́yìn ìlú wa. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wọ inú rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ oko káṣú kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí etí odò kékeré kan, lẹ́yìn náà ó yí po, ó sì tún já sí ibi tí èèyàn ti wọlé. Mo fi ẹsẹ̀ rìn ín ní Sátidé tó kọjá, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú 40, n kò sì rí òkè kan tó le níbẹ̀. Mo fẹ́ máa sáré jẹ́jẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pàápàá nísinsìnyí tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀? Irú bàtà wo ni kí n wọ̀, aago mélòó ló sì dára jù? Ìyàwó mi ní ejò ni yóò ṣán mi, ọ̀rẹ́ mi kan sì ní àwọn èèyàn yóò rò pé orí mi ti dàrú. Ẹ̀yin tó ti ń ṣe é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Asáréjẹ́jẹ́ (Ìlọrin)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìpinnu rere. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń sáré láàárín igi, ohun tí mo sì máa kọ́kọ́ sọ ni pé ọ̀nà tí ẹ júwe yẹn bá yín mu gan-an. Ìrìn ìṣẹ́jú 40 fún ẹni tí kò kánjú kò ní ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta lọ, ìyẹn sì tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó yí po tún ní àǹfààní tí títì kò ní: ẹ lè gbé omi yín sí ibi tí ẹ ti wọlé, bí ó bá sì rẹ̀ yín lẹ́yìn yípo kan, ilé lẹ ti dé yẹn, ẹ kò ní máa wá ọ̀kadà tí yóò gbé yín padà. Ibi tí ó ti ń dẹni ni pé bí ẹ bá ti dé ìdajì, iwájú àti ẹ̀yìn á di ọgbọọgba, kò ní sí èyí tó yá ju èkejì lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò yẹn ni kí ẹ bi ara yín léèrè bóyá ara gbà á. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń dùn yín ṣáájú odò, ẹ yí padà, ẹ má ṣe ojú ayé.

Ìkánjú ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí eré sísá. Wọn á sáré bí ẹni tí ajá ń lé lọ́jọ́ kìíní, ojúgun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n lọ́jọ́ kejì, nígbà tó bá sì fi máa di ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti padà sórí àga. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn kí ara lè gbóná, kí ẹ wá sáré jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ rìn fún méjì, kí ẹ sì máa tún un ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú méjì eré, ìṣẹ́jú méjì ìrìn. Ẹ má fi kún un bí ara kò bá tíì gba ti ìṣáájú.

Ní ti bí eré náà ṣe gbọ́dọ̀ yá tó, èmi kì í fi aago wọ̀n ọ́n, ìkíni ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bí mo bá pàdé àgbẹ̀ kan lọ́nà, mo gbọ́dọ̀ lè sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ o, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́?" láì já èémí sí méjì láàárín, kí n sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ kí n tó kọjá. Bí ó bá jẹ́ "káàárọ̀" nìkan ló jáde, tí ìyókù di mímí gúlegúle, mo mọ̀ pé mo ti ń sá jù, mo á sì máa rìn títí tí ẹnu mi á fi tún gba gbogbo rẹ̀. Eré tí ẹ bá fi lè kí èèyàn ní àkíyanjú ni eré tí ẹ̀ ń wá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni yẹn, ìdí mìíràn sì wà tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó béèrè. Nínú àwọn oògùn ìfúnpá, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń dín ìlù ọkàn kù, débi pé bí ẹ bá tilẹ̀ ń sáré kọjá agbára yín, iye tí aago ọwọ́ yóò fi hàn lè kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Aago á tàn yín, èémí kò ní tàn yín. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń mú kí èèyàn máa tọ̀ lóòrèkóòrè. Ẹni tó bá ń lo irú wọn gbọ́dọ̀ mu omi kó tó jáde nílé, kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́. Ẹ bi dókítà yín léèrè èyí tí ẹ̀ ń lò nínú wọn, ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín nítorí pé ẹ ti ń sáré.

Ẹ wọn ìfúnpá yín ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má wọ̀n ọ́n ní kété tí ẹ bá ti igbó dé, torí yóò ga, yóò sì kó ìpayà bá yín lásán. Bí ti òkè bá tó 180, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá wọ 110, igbó náà kò ní sá lọ, ẹ lọ rí dókítà ná. Bí àyà bá ń fún yín lọ́nà, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí ọkàn yín ń lù ségesège, ẹ jókòó síbi tí ẹ bá wà kí ẹ sì pe ẹni tí yóò wá mú yín. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ parí yípo náà ná.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, tàbí 75 bó bá jẹ́ èyí tó le. Ìṣẹ́jú 40 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 120. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà, tí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ìyókù.

Ìjàkadì Lorò Ọ̀fà

Ọ̀rọ̀ bàtà ló kàn mí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lọ ra bàtà tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń gun òkè. Fún ọ̀nà tí kò ní òkè tí kò sì ní àpáta, bàtà ìsáré ojú títì tó mọ́ ẹsẹ̀ yín ti tó.

Òkìríkà ni èmi ń rà, mo sì ní bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo á fi ọwọ́ kan di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, mo á fi ọwọ́ kejì ti imú rẹ̀ sókè. Bó bá ká níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń ká, ó ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n bó bá ṣẹ́ sí méjì ní àárín gbùngbùn bí ẹni ká ìwé, ó ti kú. Lẹ́yìn náà, mo á gbé méjèèjì sórí tábìlì ọlọ́jà, mo á bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n láti ẹ̀yìn. Èyí tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìrìn ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ló ṣì wà lára rẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè tún un ṣe. Ẹ tún fi èékánná tẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀: bó bá le gbagidi bí igi, ó ti pẹ́ nínú ìdì, gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò sì tú lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fi tẹ omi. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí èèyàn bá ti rìn káàkiri láti àárọ̀. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa wọ̀ sí i dání.

Ẹsẹ̀ Lásán

Kí ni gbogbo wàhálà bàtà yìí wà fún? Àwọn bàbá wa kò wọ bàtà kankan, wọ́n sì ń sáré lé ẹran nínú igbó kan náà. Ilẹ̀ igbó rọ̀, ẹsẹ̀ lásán ló bá a mu jù.

Ìjàkadì Lorò Ọ̀fà

Ọ̀rẹ́ mi, láti ọmọ ọdún méjì ni bàbá yín ti ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn. Akọ̀wé wa yìí ti wọ bàtà fún ogójì ọdún. Kùkùté tí kò ga ju ọmọ ìka méjì lọ wà lábẹ́ ewé tíìkì yẹn, yàtọ̀ sí ẹ̀gún, yàtọ̀ sí aràn tó máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara níbi tí àwọn èèyàn bá ti ń yàgbẹ́ sínú igbó. Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, orí pápá bọ́ọ̀lù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ọlọ́kàṣú

Ẹ ti sọ ti ẹsẹ̀, ẹ ti sọ ti ọkàn, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ ti olóko. Oko káṣú ni bàbá mi fi tọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe rí láti ọ̀dọ̀ wa.

Láti nǹkan bí oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún ni káṣú máa ń jábọ́, ìgbà náà sì ni olè máa ń wọ oko ní kùtùkùtù láti ṣa kóró. Ní ọdún kan, agùnbánirọ̀ kan tí wọ́n gbé wá sí ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gba ẹ̀gbẹ́ oko wa. Ọ̀nà kò tíì mọ́ ọn lára, nítorí náà ó fa aṣọ pupa kan ya, ó so ó mọ́ ẹ̀ka káṣú ní oríta kí ó lè máa rántí ibi tí òun yóò ti yà. Nígbà tí bàbá mi dé oko lọ́jọ́ kejì, aṣọ pupa ló kọ́kọ́ rí lórí igi rẹ̀. Kò wọ inú oko náà. Ó dúró lókèèrè, ó ń wò ó bí ẹni tó rí paramọ́lẹ̀, nítorí pé lójú tirẹ̀, ẹnì kan ló wá fi àálè lé òun lórí oko òun fúnra òun. Ọjọ́ mẹ́ta ni káṣú fi wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣa á, tí a ń ro ẹni tó ń bá wa du ilẹ̀, tí wọ́n ti ń dárúkọ ìdílé kan tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, agùnbánirọ̀ náà tún sáré bọ̀ pẹ̀lú àpò kékeré ní ìbàdí, bàbá mi sì mú àdá dúró lójú ọ̀nà. Ohun tó bi í ni pé, "Ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Èwo ni tìrẹ?" Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó kàn ń na ọwọ́ méjèèjì sókè ni. Nígbà tí wọ́n tú àpò rẹ̀ wò, omi inú ọ̀rá méjì àti fóònù ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú aṣọ náà ni bàbá mi tó gbà láti wọ oko.

Nítorí náà, ẹ má so ohunkóhun mọ́ igi, ìbáà jẹ́ aṣọ, ìbáà jẹ́ màrìwò, ìbáà jẹ́ ìkarahun ìgbín tí ẹ rí nílẹ̀ tí ẹ rò pé yóò dùn ún wò. Ẹ lọ kí olóko nílé rẹ̀ kí ẹ tó sáré lọ́jọ́ kìíní, ẹ jẹ́ kí ó mọ ojú yín, kí ó sì mọ ọjọ́ àti aago tí ẹ ó máa kọjá. Bí ó bá ní kí ẹ má gba ibẹ̀ títí wọn ó fi ṣa káṣú tán, ẹ bá a gbọ́. Bí òùngbẹ bá gbẹ yín tí ẹ sì fa èso kan mu, ẹ fi kóró rẹ̀ sílẹ̀ sí ìdí igi níbi tí ojú ti lè rí i, kóró lowó wa.

Akọ̀wé Ìgbómìnà

Ọlọ́run ló yọ mí! Rọ́bà pupa ni mo ti rà pé kí n máa so mọ́ igi ní oríta etí odò. Mo ti dá a padà sínú àpótí. Ta ló lè sọ ti ejò fún mi, kí n lè rí nǹkan sọ fún ìyá àwọn ọmọ?

Ọdẹ Àná

Mo ti gbé ìbọn kọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú wa jáde. Kí a tó dé orí ejò, ọ̀rọ̀ méjì wà ṣáájú rẹ̀.

Èkíní, ẹ bi àwọn àgbà léèrè bóyá igbó àìwọ̀ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn. Ìgbómìnà ni wá, igbó egúngún àti igbó orò kò tíì parẹ́ nílẹ̀ wa, ọ̀nà tí èèyàn ń gbà lọ sí oko lójoojúmọ́ sì lè ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í gbà á. Kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú márùn-ún láti béèrè. Èkejì, ayé ìsinsìnyí kì í ṣe ti àtijọ́. Àwọn ajínigbé ti ba ọ̀pọ̀ igbó jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní ìhà gúúsù Kwara. Ẹ lọ bá olórí àwọn ẹ̀ṣọ́, ẹ sọ ọ̀nà náà fún un, kí ẹ sì fara mọ́ ohun tó bá wí. Bí ó bá ní ibẹ̀ kò dára lóṣù yìí, orí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ ti sáré, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Bí ó bá ní ó dára, ẹ má nìkan lọ, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé aago tí ẹ ó padà dé.

Ní ti ejò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yóò ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín nílẹ̀, wọn á sì ti yà kúrò kí ẹ tó dé. Paramọ́lẹ̀ ni kì í yà. Yóò dùbúlẹ̀ sí ojú kan bí ẹ̀ka gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á bá ti ewé mu, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló máa ń ṣán. Nítorí náà, ẹ má sáré nígbà tí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́, ẹ má ti ojú ọ̀nà yà sínú koríko láti tọ̀, ẹ má sì fo igi tó dá bú ọ̀nà láì mọ ohun tó wà lódì kejì. Ẹ gun orí igi náà, ẹ wo ilẹ̀, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Iná ni kí ẹ bẹ̀rù ju ejò lọ láti oṣù kejìlá títí di oṣù kejì. Ewé tíìkì gbígbẹ ń jó bí ìwé, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń gbé iná fò. Bí ẹ bá ti gbóòórùn èéfín kí ẹ tó wọlé, ilé ni kí ẹ padà sí. Bí ó bá bá yín nínú igbó, ẹ má sáré lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ẹ wá ibi tí ó ti jó tán tàbí etí odò.

Ìyókù kò tó nǹkan. Wèrèpè máa ń gbó ní ìgbà ọyẹ́, ẹ má fi apá kan án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, torí ẹni tí ó bá ràn kò ní rántí pé eré ló wá sá. Nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, ìjàlọ á máa dá bú ọ̀nà. Ẹ fò ó kọjá, ẹ má dúró wò ó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ọpẹ́ fún bàbá wa ọlọ́dẹ. Kí n fi èyí kún un: bí ejò bá ṣán ẹnì kan, ẹ má fi okùn di ẹsẹ̀ náà pinpin, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má sì fi àkókò ṣòfò láti pa ejò náà. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́, ẹ bọ́ bàtà àti òrùka rẹ̀ kí ibẹ̀ tó wú, ẹ wo aago, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láì jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà ló wà, kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láti dì í mú. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, nítorí náà ẹ wádìí èyí tó ní in nítòsí yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà wọn sínú fóònù.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkùnrin nìkan ló ń sáré. Àwa obìnrin mẹ́rin la máa ń sáré pọ̀ ní Ìlọrin, híjáàbù sì ni gbogbo wa ń lò. Ohun tí a ti rí kọ́ ni pé èyí tó gùn dé ìdodo, tí aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó sì lè fa òógùn, kò dí eré lọ́wọ́ rárá. Èyí tó gùn dé orúnkún ni ẹ̀ka igi máa ń fà. Ṣòkòtò tó balẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù gígùn tún ń gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀gún àti eégbọn níbi tí màlúù bá ń gbà, bí ẹ bá sì délé, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún àti abẹ́ rọ́bà ìbọ̀sẹ̀ yín wò. Ẹ má fín lọ́fíńdà, àgbẹ̀ tó ní oyin nínú oko rẹ̀ ló kọ́ wa ní ìyẹn.

Lásìkò Ààwẹ̀ Ramadan, a kì í sáré lẹ́yìn sààrì, nítorí òùngbẹ ọjọ́ náà á gùn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ṣáájú ìṣínu la máa ń bẹ̀rẹ̀, ìrìn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí a bá ṣe ń jáde ni àkókò omi ń tó. Ẹni tó ń lo oògùn gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó dán ìyẹn wò.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyá àwọn ọmọ kò lè bá yín lọ ni? Ẹ mú un dání, kó fi ojú ara rẹ̀ wá ejò náà.

Asáréjẹ́jẹ́ (Ìlọrin)

Ó ku ọ̀rọ̀ aago àti ti ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ṣùgbọ́n oòrùn kì í yọ ní àkókò kan náà jálẹ̀ ọdún. Ní oṣù kẹfà, ó máa ń yọ ní nǹkan bí aago 6:25 ní ìhà tiwa. Ní ìparí oṣù kìíní, ó ń kọjá aago méje díẹ̀. Abẹ́ igi sì máa ń ṣókùnkùn ju ojú títì lọ. Bí ẹ bá jáde ní kùtù, ẹ fi ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn rìn láàárín ìlú, kí ilẹ̀ ti mọ́ kí ẹ tó kan igi àkọ́kọ́. Ní oṣù kejì àti ìkẹta tí ooru máa ń mú jù, ẹ rí i pé ẹ ti jáde kí aago mẹ́jọ tó lù.

Ewé tíìkì máa ń wọ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ewé kan sì lè fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Bí wọ́n bá ti bo ọ̀nà, ẹ kò ní rí gbòǹgbò, ẹ kò ní rí ihò, gbogbo rẹ̀ á kàn máa pariwo wàràwàrà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ gé ìṣísẹ̀ yín kúrú, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ ju bí ẹ ṣe ń gbé e lójú títì, kí ẹ sì máa wo nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin níwájú, ẹ má wo imú bàtà yín. Ibi tí ọ̀nà bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí odò, bí yangí wẹ́wẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ rìn ín. Yangí gbígbẹ ń yí lábẹ́ bàtà bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já, ibẹ̀ ni mo ti fi kókósẹ̀ rọ́ ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, ó sì gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ẹ máa yí ọwọ́ padà: bí ẹ bá gba apá ọ̀tún wọlé ní Mọ́ńdè, ẹ gba apá òsì ní Ọjọ́rú, kí ó má jẹ́ ẹsẹ̀ kan náà ni yóò máa ru gbogbo kọ́nà. Ẹ má sì bá fóònù jà nítorí iye kìlómítà. Lábẹ́ igi tó ṣú, kì í mọ ibi tí ẹ wà dáadáa. Ó kà á fún mi rí pé mo sáré la àárín odò kọjá.

Akọ̀wé Ìgbómìnà

Ẹ kú ilé o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé tí mo kọ ìbéèrè yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀ ni mo sì ti fi sáré. Olórí ẹ̀ṣọ́ ní kò sí wàhálà níbẹ̀, ó sì yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ kan láti máa bá mi lọ. Ìyẹn ń sáré lọ síwájú, ó ń jókòó dè mí sórí òkúta. Àwọn àgbà ní kò sí igbó àìwọ̀ lọ́nà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má bu omi nínú odò yẹn, n kò sì béèrè ìdí.

Mo lọ kí baba olóko káṣú pẹ̀lú obì. Ó gbọ́ àlàyé mi tán, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé o ò ní oko tí o lè lọ ro ni?" Lẹ́yìn ìgbà náà, bí mo bá ti ń kọjá níbi tó ti ń ro etí oko rẹ̀ kí iná má bàa wọ̀ ọ́, yóò na ẹ̀yìn, yóò fi ọkọ́ tilẹ̀, yóò sì pariwo pé, "Akọ̀wé, ṣé ohun tó ń lé ọ kò tíì bá ọ ni?" Mo ti lè dá a lóhùn, kí n kí i, kí n béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ, kí n sì ṣì ní èémí lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ nìkan ni mo lè jù sí i.

Ìbéèrè kan ló kù. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi òsì ti ń dúdú, ó sì ń dùn mí bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí odò. Ṣé kí n dá eré dúró?

Ìjàkadì Lorò Ọ̀fà

Ẹ má dá a dúró, bàtà ló kéré. Ìka ẹsẹ̀ yín ń kọ lu iwájú rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ó yẹ kí àlàfo tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò ọwọ́ wà láàárín ìka tó gùn jù àti imú bàtà, mo gbàgbé láti kọ ìyẹn sílẹ̀ nígbà yẹn, ẹ má bínú. Ẹ gé èékánná náà kúrú, ẹ fa okùn bàtà le níbi ọrùn ẹsẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa máa yọ̀ síwájú, ẹ sì máa rìn níbi ìsọ̀kalẹ̀ náà títí ẹ ó fi rí òmíràn. Bí ó bá wú tàbí tó ń ṣọyún, ẹ fi han Nọ́ọ̀sì Àgbà. Ìwọ̀n wo lẹ̀ ń wọ̀? Ọlọ́jà mi yóò tú ìdì tuntun ní Ọjọ́bọ̀.